Ilẹ̀kùn Ìyá Dèjì ní Ilé Ìdáná Mi

Lẹ́yìn Títì Adébáyọ̀,
Adó-Èkìtì.
Òwúrọ̀ Sátidé, nínú ọyẹ́.

Ìbídùn, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Èmi wà, mo tún ju wíwà lọ. Bí o bá rí ìyá rẹ báyìí, o ó rò pé ọmọge ni. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, bí èmi àti ọkọ mi tuntun ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ní ìgbọ̀nwọ́: "Ìyàwó ọ̀ṣìngín, rọra tẹlẹ̀ o, kí o má ta á mọ́ wa lára!" Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé àgbàlagbà ni mí. Irọ́ ni. Mo ń rẹ́rìn-ín nídìí táípù ní ọ́fíìsì, mo ń rẹ́rìn-ín nídìí kànga. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo ènìyàn ló ń là, ṣùgbọ́n tèmi, ẹ̀rín ló là á.

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Ọkọ mi ló kà á fún mi nídìí tábìlì, nítorí o mọ̀ ọ́n, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Kò lè rí ìwé kó má kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti gbà ọ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé yíyà, mo dìde, mo jó yí tábìlì po. Ọmọ mi! Ìwọ tí o máa ń fi èédú ya ilé sí ara ògiri mi, tí mo máa ń nà ọ́ nítorí rẹ̀! Olúwa mi ò, mo dúpẹ́.

O wá sọ pé lẹ́yìn Àjíǹde, o máa kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ wá síbí, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí ilé tí a kọ́ láti ara ilé mìíràn. O ní o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tó bá jáde lára ògbólógbòó ilé lè wọ ara tuntun, kí tuntun náà gbó lọ́jọ́ kan, kí á tún tú u, kí ó máa yí lọ bẹ́ẹ̀, kí ohunkóhun má di pàǹtí. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí jù ni ilẹ̀kùn alápá méjì ti ilé ìdáná, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Dèjì ṣe ní kí wọ́n ṣe é." Bí ọkọ mi ṣe ka ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àṣàkẹ́, ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tìrẹ, ti Ìyá Dèjì, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ni. Ó tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kejì! Ó ń ṣe mí bíi kí n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi í jẹ ẹ̀bà.

Nítorí náà ni mo ṣe mú pẹ́ńsù. Ilẹ̀kùn tí o ń sọ kò rí bí o ṣe yà á mọ́. Kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ tó dé, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí n sì fi ìmọ̀ràn díẹ̀ há a láàárín. O ti di olùkọ́. Olùkọ́ tí kò bá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni yóò gbà á nímọ̀ràn.

O mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe rí nínú tèmi. Ilé amọ̀ ọkọ mi ní Ìgèdè, níbi tí òun àti Ìyá Dèjì olóògbé ti tọ́ àwọn ọmọ wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó, àwọn ọmọ ti tú ká, a sì ti fẹnu kò pé Adó ni a ó máa gbé, nítorí iṣẹ́ mi. Èmi sọ tèmi: búlọ́ọ̀kù tuntun, páànù tuntun, ilẹ̀kùn tuntun. Ìyàwó tuntun, ilé tuntun. Ṣé o rí ẹni tó gbéyàwó tó ń fún un ní ìró tí ẹlòmíràn bọ́ sílẹ̀ ni?

Ni ìwọ bá dé pẹ̀lú pépà rẹ gbọọrọ, o tẹ́ ẹ sílẹ̀, o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára ilé Ìgèdè fún wa bí ẹni ń ka ohun ìní ọba: pákó ìrókò, páànù tí wọ́n rà nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ún, tó nípọn ju ti òde òní lọ, fèrèsé, ilẹ̀kùn, títí kan amọ̀ ara ògiri. Ọkọ mi ń tẹ̀lé ọ káàkiri. "Ẹ̀ńjíníà wa," ló ń pè ọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Àkísà ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ kí n wọ̀." Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ padà sídìí pépà, ọbẹ̀ mi sì tutù lórí tábìlì.

Jẹ́ kí n kúkú wí i: mo jowú ìwọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń fún ní rúlà gígùn àti pákó ìyàwòrán. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n kó fún àwa. Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ rẹ lórí pépà náà, ọwọ́ ń yún mi.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn.

Èkíní, má ṣe fi owú kọ́lé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ fún ọ. Kí a tó bí ọ, ilé amọ̀ tí bàbá bàbá rẹ fún wa ni a kọ́kọ́ gbé. Ògiri rẹ̀ tutù, ó sì dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọjú sí wa, ìyàwó oníkòkó kan, rẹ́ ilé tirẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì, ó wá ń dúró níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ya fọ́tò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, mo mọ gbogbo nǹkan. Mo dààmú bàbá rẹ olóògbé títí tó fi rẹ́ tiwa. Àṣàkẹ́, sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kò mọ ara wọn. Òjò gba ẹ̀yìn wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, sìmẹ́ǹtì ń já ní abala abala, igun ilé sì wó tẹ̀lé e.

Àwọn ará ilé wá bá wa ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́: kí wọ́n po amọ̀ tó wó mọ́ omi, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tún fi í mọ ògiri. Wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ jìnnà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èérún sìmẹ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀ bí egungun ẹja nínú ẹ̀kọ, ó ń gé wọn lẹ́sẹ̀. Àkìtàn ni a kó amọ̀ náà dà sí. Bàbá bàbá rẹ dúró, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń rù ú lọ. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Amọ̀ yìí ì bá gbé ọmọ yín." Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbàgbé rẹ̀.

Kọ́ àwọn ọmọ rẹ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dára ló ń bá ara wọn gbé. Kí wọ́n tó fi ohun kan lé ara ohun kejì, kí wọ́n bèèrè bóyá wọ́n lè pínyà láìba ara wọn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn, bí mo tilẹ̀ ń fajú ro, nígbà tí wọ́n kó amọ̀ Ìgèdè dé tí o sì ní kí wọ́n fi mọ ilé ìdáná àti yàrá ìkẹ́rù-sí, kí wọ́n gbé e lé òkúta, kí páànù yọ síta dáadáa lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mú sìmẹ́ǹtì súnmọ́ ọn. Mo bọ́ bàtà, mo bá wọn tẹ amọ̀ náà. O rò pé eré ni mo ń ṣe.

Èkejì, ohun tí o bá ń so pọ̀, rántí ẹni tí yóò tú u. Bọ̀dá Sùúrù, káfíńtà wa, ará Ìkìrun tó ti di ará Adó, òun ló lọ tú àjà ilé Ìgèdè. Mo bá wọn lọ. Pákó náà ń jáde lódindi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsán. Kò sí ìṣó lára wọn, wọ́n ki wọ́n bọ ara wọn lẹ́nu ni, wọ́n sì fi èèkàn igi há wọn. Mo rántí bí àwa ṣe kúrò ní ilé wa àtijọ́. Ìṣó gígùn ni bàbá rẹ fi kan gbogbo rẹ̀, ó ní kí olè má lè tú u. Olè kò tú u lóòótọ́, àwa náà kò rí i tú. Igi ìdáná ni gbogbo pákó náà dà.

Mo wá ṣe àṣìṣe, mo béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi: "Ta ló ní kí wọ́n má kan àjà yìí níṣòó?"

"Ìyá Dèjì ni. Ó ní ilé òun kì í ṣe pósí tí wọ́n ń kàn pa."

"Ó gbọ́n o," ni mo wí, ẹnu mi sì korò bí ewúro. Obìnrin yìí ti kú, ó ṣì ń gba máàkì!

Ẹ̀kẹta wá ni ti ilẹ̀kùn. Níbí ni kí o fetí sí jù.

Nítorí àwọn ọmọ rẹ, tún un ṣàlàyé fún wọn bó ṣe rí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n wọ́n gé e ní ìbú sí méjì. Bí o bá ti apá ìsàlẹ̀, ewúrẹ́ kò lè wọlé. Bí o bá ṣí apá òkè, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ń wọlé. Ìyá Dèjì ló ronú rẹ̀. Nígbà yẹn, ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná, bí ọkọ mi bá sì ti ilé-ìwé dé, á lọ gbé apá méjèèjì lé orí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà, á máa tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ títí oúnjẹ á fi jinná. Lójoojúmọ́! Màmá Ìgèdè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló sọ ọ́ fún mi lójú gbogbo ènìyàn: "Ìyàwó, ulẹ̀kùn ọ̀hún nì yí o! Ibẹ̀ ni àbúrò mi ń dúró sí bí ewúrẹ́ tó ń wá èèpo iṣu!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Inú mi ń jó bí ata.

Mo fa Bọ̀dá Sùúrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn yìí kò ní dára fún ilé adìẹ?"

"Ilé adìẹ kẹ̀? Ìrókò? Adìẹ wo ló lórí ire tó bẹ́ẹ̀?"

Mo lọ bá ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé orí òkú orogún ni ẹ gbé mi wá?" Kò bínú. Ìyẹn ló ń dùn mí lára ọkùnrin náà, kì í bínú kí ènìyàn rí nǹkan dì mú. Ó ní, "Ilé ìdáná rẹ ni. Bí o bá ní kí a sun ún, a ó sun ún." Àṣàkẹ́, mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ pé ẹ sun ún. Mo wo igi náà. Ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ń gbé sí ti dán bí abọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e wá.

Wọ́n gbé e wá, wọ́n fi sukúrúù dè é mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà bí o ṣe yà á gẹ́lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná níbẹ̀, mo gbọ́ ìrìn rẹ̀. Ó dé, ó gbé apá lé ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo gbójú sókè láti dá a lóhùn. Àgbọ̀n rẹ̀ ni mo rí.

O kò mọ Ìyá Dèjì, èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló sọ pé ó ga bí ọ̀pẹ. Ìwọ sì mọ ìyá rẹ. Apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà dé mi láyà. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ dídùn, ojú rẹ̀ sì ń wo òkè orí mi, ibi tí ojú ẹlòmíràn ti máa ń wà. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ara ló mọ̀ ọ́n. Mo yí ọbẹ̀, mo ń ṣe "ẹn, ẹn", omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín ni.

Ní ọjọ́ kejì, bó ṣe jáde lọ sí ìpàdé ìjọ, mo ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Sùúrù. Mo dúró ti ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ fa ìlà sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi dé.

"Ẹ gé e níbí."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gé ẹsẹ̀ ènìyàn. "Ìyàwó, ìrókò ni o! Kì í hù padà o!"

"Mo mọ̀. Ẹ gé e."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá kọ́ ló ń dáná."

"Wọ́n ní bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ́ èmi o." Ó ń ráhùn, ó ń gé e. Nígbà tó gé e tán, àlàfo ṣí sílẹ̀ láàárín apá méjèèjì, ewúrẹ́ lè fò ó. Ó bá dáwọ́ dúró, ó ń wò mí pé, ṣé ẹ rí ohun tí ẹ fà? Mo ní kó tú apá òkè, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó bá ìsàlẹ̀. Nítorí sukúrúù tí o takú lé, ó tú u wẹ́rẹ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àlàfo náà bọ́ sí òkè pátápátá, lábẹ́ páànù. Mo dáná láti dán an wò. Àṣàkẹ́, gbogbo èéfín gba ibẹ̀ jáde! Gbogbo ọdún tí Ìyá Dèjì fi dáná, kò ronú kan èéfín. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi, èmi nìkan.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń bọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí ayùn gbà. Mo rò pé mo ti gé ohun tí kò ṣe é lẹ̀ pọ̀ mọ́. Mo gbé ṣíbí ọbẹ̀ dání bí ẹni fẹ́ jà, mo ní, "Ẹ bínú bí ẹ bá fẹ́ bínú."

Ó gbé apá lé e. Ilẹ̀kùn ti lọ sílẹ̀, ó ní láti tẹ̀ba. Bó ṣe tẹ̀ba, ojú rẹ̀ bọ́ síwájú ojú mi gan-an. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò.

"Àyọ̀kẹ́," ó ní, "kí lo ń sè?"

Ẹ̀fọ́ lásán ni mo ń sè. Mo sọ ọ́ fún un bí ẹni ń ròyìn àsè ìgbéyàwó. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá Dèjì ì bá bá ọ jà lónìí." Mo ní kí Ìyá Dèjì máa bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú, ẹ̀rín yẹn, tèmi ni.

Nítorí náà, olùkọ́ mi, gbọ́. O wọn ilẹ̀kùn náà ní ìbú, o wọn ọ́n ní òòró, o wọn bó ṣe nípọn tó, o wọn ihò tí yóò wọ̀. O kò wọn ìyá rẹ. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé ara ẹni tó kọ́kọ́ lo igi máa ń wà lára igi náà. Bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni náà rí ibi fi ayùn sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé òkú ni wọ́n ń kọ́ fún alààyè. Mo ti fi rúlà ya ilẹ̀kùn náà bó ṣe rí báyìí sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Ìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, má rẹ́rìn-ín. Tún tìrẹ yà kí o tó fi hàn wọ́n. Bí o bá sì dé, wá kọ́ mi bí a ṣe ń fa ìlà tó tọ́.

Bí mo bá ṣáájú ọkọ mi lọ, tí ẹlòmíràn sì dé, kí ó tún un gé bó ṣe bá ara rẹ̀ mu. Mo sọ ọ́ nítorí ó tọ́ ni kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má kà á sókè níwájú rẹ̀, kó má lọ máa rò ó.

Kí Olúwa jẹ́ kí iṣẹ́ náà tù ọ́ lára. Kí ohun tí o bá kọ́ máa ríbi lò lọ́wọ́ àwọn tí o kò ní mọ orúkọ wọn, kí ìwọ náà má ṣe aláìrí ẹni tí yóò tẹ̀ba wò ọ́ lójú.

Mo mọ̀ pé o ti ń bèèrè ibi tí abala tí a gé kúrò wọlé sí, nítorí o ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ di pàǹtí. Kò di pàǹtí. Bọ̀dá Sùúrù fi ẹsẹ̀ sí i, ó di àpótí ìjókòó nídìí ààrò mi. Apá ibi tó dán yẹn ló wà lókè. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí láti òkè délẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fọwọ́ kan gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n àpótí yìí, Àṣàkẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé e.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyọ̀kẹ́, aya ọkọ rẹ̀.